Òǹtẹ̀ Pupa Ọ̀gá Qiu

                                        Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ilé-ẹ̀kọ́ Etí Odò,
                                        Liutang, Jiangxi.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 2016.

Peizhen, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Shenzhen? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le koko. Mo tún ti ń rí oúnjẹ jẹ dáadáa, ìdí rẹ̀ sì ni mo fi ń kọ̀wé sí ọ.

O rántí pé lẹ́yìn omíyalé oṣù kẹfà ni wọ́n lé bàbá rẹ, Bàbá Lian, kúrò nídìí géètì tó ń ṣọ́, tí Ọ̀gá Qiu, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ní Bàbá ló ti àwọn ọmọ mọ́lé tó sì sá lọ. Láti ìgbà náà ni Bàbá kò ti lè jókòó mu tíì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Bàbá tó tọ́ èmi náà dàgbà! Mo di ọ̀rọ̀ náà sínú, mò ń retí ọjọ́ ẹ̀san.

Ọ̀gá wa kì í sọ̀rọ̀ kó má fi ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ kín in lẹ́yìn. Àwọn yẹn ní kí èèyàn máa yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ló bá sọ ọ́ di òfin. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sínú ìwé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, òun a sì lu òǹtẹ̀ pupa sí i. Kò ka ẹyọ kan rí. Ó ń lu òǹtẹ̀ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Lóṣù tó kọjá, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní kó wá kọ́ àwọn ọ̀gá yòókù bí a ṣe ń fi ọgbọ́n àtijọ́ darí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà ìṣòro. Ó ní olórí gbọ́dọ̀ dà bí omi tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Omi, lẹ́nu rẹ̀! Ó wá gbé ìwé mi, tó nípọn jù lọ, fún Ìyáàfin Teng, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, pé kó wo bí àwọn olùkọ́ òun ṣe ń yẹ ara wọn wò. Ìyá náà ṣí ojú-ewé ọjọ́ omíyalé, ó kà á sókè:

"Àárọ̀: mo jẹ̀bi. Ọ̀gá kó àga àti ife tíì rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, n kò dí i lọ́nà. Ọ̀sán: mo jẹ̀bi. Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lápò ọ̀gá tó ti lọ, n kò sáré tẹ̀lé e. Bàbá Lian ló fi àáké fọ́ géètì, tó kó ọmọ mẹ́tàlélógójì gun òkè. Alẹ́: mo jẹ̀bi. Ọ̀gá padà dé, ó ń di ẹ̀bi ru Bàbá Lian, mo sì dákẹ́."

"Òǹtẹ̀ ta nìyí?" Ìyáàfin Teng bi Qiu.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tíì kà á ni."

"Ẹ ò kà á, ẹ lu òǹtẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Qiu kọjú sí mi níbi tí èmi àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ yòókù jókòó sí. "Ruolan, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Àṣìṣe tèmi ni mo kọ."

Peizhen, inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bàbá ti padà sídìí géètì, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi dípò ọ̀gá. Wọ́n ní kí Qiu kọ àṣìṣe tirẹ̀, kí n kà á, kí n lu òǹtẹ̀ sí i kí wọ́n tó fún un níṣẹ́ míì. Ó kọ pé omi ló fà á, mo dá a padà. Ó kọ pé kọ́kọ́rọ́ sọnù, mo dá a padà. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ó tó báyìí." Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n títí yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Bàbá síbẹ̀ pé òun purọ́ mọ́ ọn, òǹtẹ̀ kò ní kúrò nínú àpótí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbé ìkókó jó.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí í kà á tán kó tó lu òǹtẹ̀,
Ruolan.