Èédú Tí Mo Fi Yan Ẹja

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ gààrí, ẹ kú èéfín ojú ààrò. Mo kúnlẹ̀ kí Bàámi. Mo kí Bùọ̀dá Káyọ̀dé àti gbogbo ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó ń béèrè mi. Mo ní kí ìwé ìròyìn bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, kí àwọn ìyá alágààrí yòókù náà lè kà á.

Bùọ̀dá ní ẹ ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni mo wà ní Kánádà, wọ́n sì ń béèrè ìgbà tí n óò bá wọn mú iná wálé. Màámi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Pòpòrò àgbàdo ni mò ń jó lóko kan níbí. Lẹ́yìn ìkórè, a ó kó pòpòrò àti ṣùkù sínú àgbá onírin, a ó dáná sí i, a ó sì fi ọmọrí dé e kí afẹ́fẹ́ má fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Ooru rẹ̀ ló ń mú ilé tí a gbin tòmátì sí móoru nígbà tí yìnyín bá bo ìta. Èédú tó bá kù, a ó pò ó mọ́ ilẹ̀ oko kí ilẹ̀ lè lọ́ràá.

Èédú yìí ló fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní Sátidé kan, àárò ilé mú mi débi pé mò ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Mo ra ẹja, mo bu èédú díẹ̀ nínú àpò kan lóko, mo dáná sẹ́yìn ilé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti rẹ èédú yẹn sínú ìtọ̀ màlúù kó lè di ajílẹ̀; ó ti gbẹ, ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí iná ràn, òórùn fùfú kéré sí i! Obìnrin ilé òdìkejì pe panápaná, ó ní ẹran kan ń jóná láàyè.

Wọ́n bá mi pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá olóko náà dé, mo kúnlẹ̀. Ó rò pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ mi ni, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun náà kì í rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ẹja àti èédú tó mọ́ wá, ó ní kí n yan án bí wọ́n ṣe ń yan án nílé wa. Ata mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e wọnú yìnyín, síbẹ̀ ó ní kí n bu sí i.

Màámi, èèpo ẹ̀gẹ́ tó di òkè lẹ́yìn ààrò yín ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Bùọ̀dá ní Alájì tí ẹ jọ pààlà fẹ́ fẹjọ́ òórùn rẹ̀ sun ọba. Ẹ sá a gbẹ, kí ẹ jó o nínú àgbá bí mo ṣe wí. Ẹ fi ooru rẹ̀ dín gààrí, ẹ kó èédú rẹ̀ lọ sóko, kí ẹ sì bu díẹ̀ sídìí ilá Alájì.

Mo ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí rán Bùọ̀dá sí yín, wọ́n ní ẹ fèsì pé ẹ ò rán ọmọ lọ sókè òkun kó wá máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dáná. Òótọ́ ni, Màámi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní iná dídá. Ọmọrí nìkan ni mo bá yín wá sí i.

Olúwa yóò dá yín sí fún wa. Ààrò yín kò ní tutù, ẹ ó sì fọwọ́ ara yín gbé ọmọ mi jó. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Bùkọ́lá