Ìkùukùu Tí Kò Sí Lójú Ọ̀run

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Adó ní Sátidé, ó gbé epo dání, ó fẹ́ fi pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó má baà máa ké bí ewúrẹ́ mọ́. Mo já ike epo náà gbà. Ó ní kí ló dé. Mi ò lè ṣàlàyé fún un, ẹ̀yin ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún.

Ulé dákẹ́ jù. (Ẹ má fi bírò pupa fa ìlà sí i. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ti kúrò níwájú pátákó kíláàsì yín, ulé ni ẹ máa ń pe ilé.) Mi ò tíì tan rédíò yín. Iṣu ẹni méjì ni mo ṣì ń sè, n óò wá jókòó máa wò ó.

Ẹ rántí bí ojú yín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ẹ ṣì ń rí ìwé tó bá sún mọ́ imú yín, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ pupa tó wà léjìká Orioni, ọdẹ inú àwọn ìràwọ̀, tí ẹ ti ń ṣọ́ láti ìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń tàn gan-an, tó tún máa ń di bàìbàì, ẹ ò rí i mọ́. Ni ẹ bá yá ojú mi lò. Ní alẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, kí n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde lọ síbi tí a ń sá kòkó, kí n fi í wé ìràwọ̀ méjì tí kì í yí padà, ọ̀kan tó tàn jù ú lọ, ọ̀kan tí kò tó o. Bí àárín àwọn méjèèjì bá jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ìṣísẹ̀ mélòó ni tiwa fi wà lẹ́yìn èyí tó tàn jù? N óò pe iye náà wọlé, ẹ ó sì kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ ò jẹ́ kí n ṣí ìwé yẹn wò rárá, torí ẹni tó bá rí iye àná, iye àná ni ojú rẹ̀ á máa rí lónìí.

Bàámi, mo purọ́ fún yín. Àwọn alẹ́ kan wà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí inú ń bí mi pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn wá di ojú fún àgbàlagbà. Mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù lọ́wọ́, n óò kígbe mẹ́rin. Tàbí márùn-ún. Ẹ óò dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń na ọmọ tó bá jí ìwé wò! Mo sì máa ń gbọ́ bírò yín tó ń ha ìwé.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo ṣí ìwé náà. Irọ́ mi ni mò ń wá, kí n fagi lé e. Mi ò rí ẹyọ kan. Alẹ́ tí mo jáde, iye tí mo pè wà níbẹ̀, nínú lẹ́tà ńláńlá yín tó ń gun ara wọn. Alẹ́ tí mo jókòó, ẹ kọ ọ́ pé: ìkùukùu, a kò rí i. Ìkùukùu wo, Bàámi? Ọjọ́ tí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi níbi iṣẹ́, mo sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe méje. Ìkùukùu lẹ kọ, bẹ́ẹ̀ òṣùpá ń ràn gba ojú fèrèsé wọlé.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló sọ fún yín. Kò ké, ẹ sì mọ̀ pé mi ò jáde. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Àbí ẹ̀rù ń bà yín pé n óò padà lọ? Ì bá sàn kí ẹ nà mí.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo jáde. Wọ́n ti ri iná sólà mọ́ oríta wa, mo ní láti fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ojú kí n tó rí ìràwọ̀ wa. Mo wò ó dáadáa. Mo kọjú sí fèrèsé yàrá yín, mo kígbe mẹ́ta. Ajá kan gbó. Mo dúró kí n gbọ́ bírò. Nígbà tó pẹ́, mo wọlé, mo ṣí ìwé tí ẹ ń kọ iye sí, mo fi ìwé orin yín bo àwọn iye tó wà lókè, mo kọ tèmi sábẹ́ wọn.

Ilẹ̀kùn ké nígbà tí mò ń lọ, ó ké nígbà tí mò ń bọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó sì jáde lóòótọ́.