Táyà Kan Péré

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

A ṣí aṣọ lójú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ máa tà lónìí ní Màrínà. Kékeré ni, kò ní búùtù gígùn, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ le, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnì sì ń yí. Èmi ni mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àlejò.

Ìyá kan béèrè pé, “Ẹ̀njiníà, bí táyà kan bá bẹ́ ńkọ́? Ṣé mo lè fi tòkunbọ̀ kan rọ́pò rẹ̀?”

“Ẹ má dán an wò, mà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí ìyókù, jíà yóò bàjẹ́.”

Ohun tí èmi gan-an ṣe sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pólì dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Ọ̀gá Táíwò. Nígbà tí jíà bàjẹ́, mo ní Sùnkànmí tó ń kọ́ṣẹ́ ló da ọ́ìlì tí kò yẹ sí i. Ọ̀gá lé e láìṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ kíkọ́.

Láti Màrínà, mo kọjá sọ́dọ̀ Ọ̀gá ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀njiníà onítáì! Ṣé èmi lo fẹ́ ta mọ́tò fún?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ẹ̀rín wọn tán.

“Lọ mú un wá. Ẹnu tí mo fi lé e náà ni n ó fi súre fún un.”

Mo mọ ibi tí Sùnkànmí ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, nítòsí Ìgà Ìdúngánràn. Ó pẹ́ tí mo ti ń gba àdúgbò mìíràn kí ojú wa má baà pàdé.

Lọ́la, iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni n ó gbà. Bóyá yóò tẹ̀ lé mi, n kò mọ̀.