Omi Tútù Nínú Àṣíborí

Màmá mi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Àná ni èmi àti Wendell, ẹlẹgbẹ́ mi, jáde kúrò nínú ọkọ̀ wa sí gbalasa òfuurufú, a lọ tún ẹ̀rọ tí a fi ń wo ìràwọ̀ ṣe. Iṣẹ́ ọ̀hún ku díẹ̀.

Omi kan yọ nínú àṣíborí mi. Níbí, omi kì í ṣàn sílẹ̀; ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ojú, tó ń rá lọ síhà imú. Wendell ní, "Lorna, fídà ọmọ ọwọ́ ló kù ká rà fún ẹ." Àwọn ọ̀gá wa tó wà lórí ilẹ̀ ayé náà ní àpò omi mímu àyà mi ló jò. Ṣùgbọ́n ooru ara máa ń mú kí omi àpò lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó kàn mí létè tutù, bí omi inú ẹ̀rọ ẹ̀yìn mi tó ń mú aṣọ òfuurufú mi tutù. Omi ẹ̀rọ yẹn pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè mu tán.

Mo ṣàlàyé fún wọn, àmọ́ wọn ò gbà. Wọ́n ní ká parí iṣẹ́ lọ́la. Nítorí náà, mi ò ní gbé àpò omi mímu dání. Bí omi bá tún yọ, kò ní sí àríyànjiyàn mọ́ pé àpò kọ́ ló jò.

Ẹ má tan tẹlifíṣọ̀n lọ́la, torí wọn máa fi iṣẹ́ wa hàn. Ẹ mú ọmọ mi Maren lọ sétí òkun ní Galveston. Ẹ bá mi kí i, kí ẹ sọ fún un pé òùngbẹ kò gbẹ mí.

Ọmọ yín,
Lorna