Wọ́n Ń Mú Ọmọ Ọmọ Mi Lọ Jagun Ilẹ̀ Onílẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò. Ẹ sáà sọ pé ìyá àgbà kan níhà Òrò-Àgọ́ ló ń bínú.

Sójà ni Ìmísí, ọmọ ọmọ mi. Ìjọba ní kó lọ jagun nílẹ̀ òkèèrè, nínú ìjà tí kì í ṣe tiwa. Ilé tiwa ńkọ́? Àwọn ajínigbé ti lé wa kúrò lóko. Èmi tí bàbá mi ń fi iṣu ta àlejò lọ́rẹ, iṣu ọjà ni mò ń rà jẹ. Àwọn ọdẹ arúgbó ló ń ṣọ́ wa, èyí tó lágbára jù nínú wọn ń wúkọ́.

Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í lọ sógun láìjẹ́ pé àgbà obìnrin ilé bu omi tútù sí i lórí, kó súre fún un. Èmi ni àgbà náà. Mo ní n kò ṣe.

Láràárọ̀ ni Ìmísí ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Màmá, àwọn tí à ń lọ gbà sílẹ̀ náà ní ìyá."

Mo ní, "Èwo nínú àwọn ìyá yẹn ló pọ̀n ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò dìde. "Bí ẹ ò bá súre, màá ṣì lọ, torí àṣẹ ni. Ẹ̀rù á kàn máa bà mí ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́jọ́ Ẹtì ló ń lọ. Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́ yín, ṣé kí n bu omi náà? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n bù ú, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa ṣọ́ oko wa.