Omi Tí Wọ́n Dà Lé Mónikà Lórí

Ẹ kú ilé o, Ìyá wa. Èmi ọkọ ọmọ yín ni mo dọ̀bálẹ̀ láti Festac. Mo kí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin àti àwọn ìyàwó ilé. Mónikà ọmọ yín kú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì Ọjọ́rú Eérú, nínú yàrá wa. Ẹ ti gbọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo tún sọ ọ́ nítorí ohun tó tẹ̀ lé e. Bọ́láńlé àkọ́bí wa, tó lóyún, ló ń bá mi kọ ọ́. Kí wọ́n kà á síta létí gbogbo ilé.

Ooru ń mú níbí. Mi ò wa ọkọ̀ mọ́. Àwọn tí mò ń bá kó ẹrù ní Trade Fair wá kí mi, wọ́n jókòó, wọ́n lọ. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ṣì wà bó ṣe tẹ́ ẹ. Mi ò sùn síbẹ̀.

Fádà níbí ní òun máa sin ín, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti sàmì fún un kí òun tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. A ò rí káàdì ìsàmì rẹ̀. Fádà pe akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì yín nílé. Akọ̀wé ní ìwé àtijọ́ kì í jáde, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ yà á ní fọ́tò. Ohun tó bá jẹ́ tẹni nìkan làwọn ń kà síni létí. Ó ka orúkọ yín, orúkọ Bàbá tó ti lọ, orúkọ Mónikà. Ó tún un kà. Ó bi wá pé ta la fẹ́ sin. Ó ní wọ́n fa àgbélébùú kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, pé ọmọ yẹn kú kó tó hu eyín, wọ́n sì ti sin ín.

Mo ní irọ́ ni, obìnrin tó bímọ mẹ́rin fún mi ni mò ń sọ. Ó ní kí n má bínú, ohun tó wà níbẹ̀ lòun kà. Ó wo ojú ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e, kò rí Mónikà mìíràn tó jẹ́ tiyín.

Ìyá, mo pè yín lọ́jọ́ náà. Mo bi yín bóyá Mónikà méjì lẹ bí. Ẹ ní ọ̀kan ni; ó lọ, ó padà. Ẹ ní àmì tí ẹ gé sí etí òsì òkú náà lẹ rí létí ọmọ tuntun. Mo ní ṣé ẹ tún gbé e lọ bá Fádà. Ẹ bú mi. Ẹ ní ṣé kèfèrí ni mí, tí mi ò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń da omi ìsàmì lé ènìyàn lórí. Kí ẹ tó pa fóònù, ẹ béèrè pé oyún Bọ́láńlé ti pé oṣù mélòó.

Mo mọ etí yẹn. Mónikà ní wọ́n bí àmì náà mọ́ òun ni.

Kò gbà ká ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì rí. Á ní kí n má jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé. Tí àwọn èèyàn bá dìde lọ gba Kọ̀múníọ̀n, á jókòó. Ní Nòfẹ́ńbà, tí wọ́n bá ń gba orúkọ àwọn òkú láti gbàdúrà fún, á ní kí Bọ́láńlé kọ Mónikà sí i. Mo bi í pé ta nìyẹn. Ó ní ọmọ ilé àwọn kan ni. Mo ní kó yé fi orúkọ ara rẹ̀ ṣeré. Ó ní òun ò ṣeré.

Fádà ní bí ẹlẹ́rìí kan bá sọ pé wọ́n da omi lé èyí tó dàgbà lórí, ó tó. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Mi ò ní kí ẹ purọ́. Obìnrin tí mo fẹ́ ni mo fẹ́ sin, kì í ṣe ọmọ ọwọ́.

Ó ti rẹ̀ mí. Kí Ọlọ́run dá yín sí, kó má jẹ́ kí ẹ tún sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tàgbà tèwe.

Bọ́láńlé máa wọkọ̀ ní Mile 2 wá bá yín ní Sátidé. Ohun tí ẹ bá sọ fún un ni Fádà máa kọ. Bọ́láńlé ní ẹ ti pe òun lẹ́yìn mi, pé Mónikà ló ń padà bọ̀, kí òun má wá orúkọ mìíràn fún ọmọ inú òun, kí òun má sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì sọ èsì tó fún yín fún mi, mi ò sì bi í. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Tirẹ̀ ni.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bàbá Bọ́láńlé.