Wọ́n Ní Ó Ń Mí

                                        Ilé Àwọn Nọ́ọ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àǹtí wa ti jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ lánàá, wọn ò sì tíì lajú. Má bínú pé mo fi èyí ṣáájú ìkíni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti ń dẹ̀ fún wọn? Mo mọ̀ pé o ò ní fẹ́ kí n fomi la ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà bó ṣe rí ni mo kọ ọ́ yìí.

Ère rọ́bà ni àwọn òṣìṣẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ fi ń kọ́ṣẹ́ níbí. Ẹ̀rọ ló ń gbé àyà rẹ̀ sókè sódò. Dókítà àgbà á béèrè bóyá ó ń mí, gbogbo wọn á sì dáhùn pé ó ń mí. Ó ti sú wọn. Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀kan ń tẹ fóònù, èkejì ń gé èékánná. Ẹ̀rọ ti kú, àyà ère ò mì mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń dáhùn. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé, ṣé o fẹ́ sin rọ́bà ni?"

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, olùkọ́ wa máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ̀rọ náà ni. A ó fọwọ́ kan àyà, a ó jiyàn títí bóyá ó ń mí. Àwọn tí a bá ṣiṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé.

Lánàá, wọ́n gbà kí n dúró sẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n ti pa ohùn ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń pa á tí wọ́n bá ń kọ́ṣẹ́. Dókítà béèrè láìgbójú sókè.

"Ó ń mí," gbogbo wọn dáhùn, bí ohùn ẹnì kan ṣoṣo.

Mo wo àyà Àǹtí. Kò mì. Mo fọwọ́ lu gíláàsì. Wọ́n tún dáhùn pé ó ń mí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó béèrè. Mo já wọlé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n tó rí i pé ọ̀pá tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ọ̀fun Àǹtí ti yọ. Wọ́n dá èémí padà, àmọ́ ojú ò là.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Má tíì sọ fún Màmá. Láàárọ̀ yìí, mo di ọwọ́ Àǹtí mú, ìka wọn sì rọra tẹ tèmi. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní iṣan lásán lè ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ọpọlọ ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ẹnu rẹ̀ la ó ti gbọ́ bóyá Àǹtí ló tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ náà ni,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́.